Ọjọ́ Tí Ìpè Dún Létí Òkun

Ojú ìyá mi ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí olùṣọ́ ìjọ wa kéde pé Jésù máa dé kí ọdún tó parí. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú gidigidi, nítorí dókítà ti sọ pé bí a bá fi falẹ̀, ojú náà máa fọ́ pátápátá.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn."

"Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Ojú tuntun ni Olúwa máa fún mi. Tó bá dé tó bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńkọ́? Á ní mi ò nígbàgbọ́."

Olùṣọ́ wa yìí, ọmọ onílẹ̀ ni ní Àdó, lọ́nà Ajah. Ní Sunday, á sunkún lórí pẹpẹ pé ayé ti tán. Tó bá di Monday, á ta ilẹ̀ fún olówó ará VGC, á sì búra fún un pé títí ayé ni. Ilé tirẹ̀ gan-an, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da déékì ẹ̀ láti sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Mo bi í pé ta ló máa gbé òkè náà. Ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù."

Ní Sátidé kan, ó fi bọ́ọ̀sì ìjọ kó gbogbo wa lọ sí etíkun ní Ìbẹ̀jú-Lekki fún àdúrà ìmúrasílẹ̀. A wọ sùtánà funfun, a ò wọ bàtà, bí ìjọ wa ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú, ó kọjú sí òkun tí kò rí dáadáa. Olùṣọ́ ń pariwo pé, "Máa bọ̀, Jésù! Máa bọ̀ nísinsìnyí! A ti ṣe tán!"

Ibi tó ti ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ òkun ńlá kan tó ń lọ sí èbúté ti fọn fèrè. Ó dún bí ìpè ìkẹyìn.

Kò sẹ́ni tó ké halelúyà. Olùṣọ́ ló kọ́kọ́ ká sùtánà ẹ̀ sókè dé orúnkún, tó ki eré mọ́lẹ̀, ìjọ sì tẹ̀ lé e bí àgùntàn rere. Èmi ò sá, ṣùgbọ́n ẹ má kà á sí ìgbàgbọ́ fún mi. Mo ti rí ọkọ̀ náà tipẹ́.

Ẹsẹ̀ lásán kì í dún lórí iyanrìn. Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wí pé, "Olúwa, èmi rèé," kò gbọ́ ìgbà tí wọ́n lọ. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ wá ẹni tó kúnlẹ̀ tì í, kò bá ẹnì kankan. Ó wá apá kejì. Ló bá bú sẹ́kún.

"Jésù ti kó wọn lọ! Ó fi mí sílẹ̀! Kí ni mo ṣe?"

Mi ò gbọ́ ẹkún tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sáré dì í mú. "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Fèrè ọkọ̀ òkun ni. Kò sẹ́ni tó lọ sọ́run. Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ti tìlẹ̀kùn."

Ó yíjú sí mi. "Olùṣọ́ náà?"

"Àwọn ló kọ́kọ́ wọlé."

"Èmi nìkan ló wá kù?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

Ó fi etí sùtánà nu ojú. "Ní Monday, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Tí Jésù bá dé, mo fẹ́ rí I dáadáa. Mo sì fẹ́ rí àwọn tó ń sá fún Un."