Abẹ́rẹ́ Bàbá Télọ̀ Ló Mú Bàálù Balẹ̀

Ó dìgbà o, Bàbá Télọ̀. Ó dìgbà tí òwú bá tún wọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí n tó sunkún, ó yẹ kí àwọn tó ń ka ìwé ìrántí yìí mọ irú ẹni tó fẹ́ sunkún. Èmi Kàmọ́rù, ọmọ-ọmọ yín, tí gbogbo Jakande ní Ìsọlọ̀ ń pè ní Kámà, èmi ni mo kọ́ gbogbo awakọ̀ bàálù tó ń balẹ̀ sí Ìkẹjà níṣẹ́. Bí mo bá sín lórí balikóní wa, bàálù á yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí mo bá súfèé, á padà sójú ìlà. Ọdún kan wà tí ọyẹ́ mú débi pé ẹyẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Oṣòdì. Èmi ni mo gun orí òrùlé lọ́jọ́ náà, tí mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi júwe ilẹ̀ fún bàálù tó kó àwọn Alhaji bọ̀ láti Mẹ́kà.

Bùrọ̀dá Wàsíù, àkọ́bí yín, tó ń kó ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí jọ, ti kà á dé ibí yìí. Wọ́n ní, "Kámà, ìwé fidáù bàbá mi ni o, kì í ṣe ìwé àlọ́." Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n jẹ́ kí n balẹ̀ ná.

Bàbá, ọ̀gá gbogbo télọ̀ tó wà ní Aswani. Ẹni tó ń wo èèyàn láti ẹnu ọ̀nà, tó sì ti mọ ìwọ̀n àyà rẹ̀. Ẹni tó rán ṣòkòtò fún ọkọ ìyàwó, tó rán bùbá ìsọmọlórúkọ fún ọmọ rẹ̀, tó tún rán agbádá fún ọmọ náà nígbà tó di ọkọ ìyàwó. Tépù kì í kúrò lọ́rùn yín, ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí yín. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́mọ́mù ló rán yín létí pé tépù ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ ní ẹ mọ̀, pé ẹni tó bá máa tò lójú ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi wọn ìlà ọ̀hún.

Ẹ̀kọ́ ilé yín le. Ọmọ kan kì í kí yín lórí ìdúró, ọmọ kan kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Bí àgbà bá ní ọ̀sán ti di òru, iṣẹ́ ọmọ ni kó lọ tan iná. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa ń sọ, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n: "Àgbà kì í ṣìnà. Ọ̀nà míì ló ń wò." Ẹ̀kọ́ yìí wọ Àǹtí Rísí, àbíkẹ́yìn yín, lára ju gbogbo wa lọ. Bí Àǹtí Rísí bá fẹ́ sọ fún àgbà pé iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n sun dáadáa.

Àǹtí Rísí yìí ló wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù lókè Ọya. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, torí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà tó ní etí. Bí kùrukùrù bá bo ilẹ̀, awakọ̀ kì í wo ìta mọ́. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ pápákọ̀ tó ń rán àmì sókè, àmì yẹn ló ń darí abẹ́rẹ́ méjì tó wà níwájú awakọ̀. Ọ̀kan ń sọ bóyá ọkọ̀ ti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èkejì ń sọ bóyá ó ga jù tàbí ó ti wálẹ̀ jù. Bí méjèèjì bá dábùú ara wọn láàárín gan-an, máa sọ̀ kalẹ̀ lọ, ilẹ̀ ń dúró dè ọ́. Bí wọ́n bá yẹ̀ tí ilẹ̀ sì ti sún mọ́, má ṣe agídí. Gòkè, lọ yípo, kí o tún un ṣe.

Ojú Àǹtí Rísí mọ abẹ́rẹ́ yìí bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹnu wọn ni kò jẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, Kápútéènì tó ń kọ́ wọn, bàbá arúgbó kan tó nírun funfun, gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n máa wo abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí. Lẹ́yìn náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ yà díẹ̀díẹ̀. Àǹtí rí i. Wọ́n la ẹnu, Òyìnbó ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ Yorùbá ló wà nínú rẹ̀: kí Ọ̀gá má bínú, kí Ọ̀gá jọ̀wọ́, àwọn kàn ní kí àwọn. Wọn ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà tí Kápútéènì fi ní ó tán, àwọn méjèèjì ti kú. Ilé ẹ̀kọ́ náà fún wọn láǹfààní ìkẹyìn lẹ́yìn ìsinmi. Bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi, kí wọ́n di àpótí wọn, kí wọ́n máa bọ̀ wálé pátápátá.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n dé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì yín, wọ́n ń sunkún sínú gèlè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa bẹ ẹni tó ń ṣìnà?"

Àǹtí ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Èmi ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sá, torí mo rò pé ìgbátí ló kàn, ìgbátí yín sì máa ń ta dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kò na ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, ẹ wò ó, ẹ dìde, ẹ sì lọ gbé aṣọ gíní aláwọ̀ sánmọ̀ yẹn wálẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ẹ ń tọ́jú de Iléyá. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan sí i lójú. Ẹ jókòó sídìí máṣíìnì.

Ẹ ní, "Èmi ni Kápútéènì. Ìlà yìí lọ̀nà. Abẹ́rẹ́ yìí ni tìẹ. Mo máa yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Bí o kò bá sọ fún mi, aṣọ ọdún mi á bàjẹ́. Àgbà ń ṣìnà, Rísíkátù. Pariwo mọ́ mi."

Mo gé páálí bisikíìtì, mo fi ṣe ìbòjú fún Àǹtí kí wọ́n má bàa rí ohun mìíràn bí kò ṣe abẹ́rẹ́ àti ìlà. Èmi náà ni mo ṣe atẹ́gùn. Mò ń mi àga wọn bí ìjì tó ń bọ̀ láti òkun. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì yà kúrò lójú ìlà. Àǹtí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó ti yẹ̀, sà." Ohùn wọn rọ̀ débi pé kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí etí yín gbọ́ ni pé ó ti yẹ.

Ẹ ní, "Kí ló dé tí kò ní yẹ mí? Aṣọ wo ni kì í yẹ mí?" Ẹ sì ń rán lọ. Ìgbà tí ẹ dúró, ojú rírán ti wọ́ bí ejò tó mu ògógóró. Ẹ ní, "Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Yẹ̀. Bí o bá fi ń yẹ, o ń yìn mí lọ sínú kòtò nìyẹn."

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi ẹ jọ̀ọ́ àti ẹ má bínú ṣíwájú. Ẹ ní, "Kí o tó kí mi tán, a ti balẹ̀ sórí àtẹ àwọn tó ń ta bàtà ní Apákun. Ilẹ̀ la ti ń kí àgbà. Lókè, kọ́kọ́ gbà á là ná."

Ìgbà tó yá, Àǹtí Rísí fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró wọn kígbe pé, "Ó ti yẹ̀, ẹ gòkè." Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò wa, mú ọmọ odó lọ́wọ́ wọlé.

"Rísí, bàbá ẹ lò ń pariwo mọ́ báyìí?"

Ẹ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ó ń gba ẹ̀mí mi là."

Bí Àǹtí ṣe padà lọ sókè Ọya nìyẹn. Kápútéènì onírun funfun tún gba ọkọ̀, ó tún jẹ́ kó yà. Àǹtí gbàgbé Òyìnbó pátápátá. Yorùbá ló jáde, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kó wà: "Ó ti yẹ̀, ẹ gòkè." Bàbá yẹn kò gbọ́ ẹ̀ka èdè kankan nínú èdè wa, ṣùgbọ́n kí ó tó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé bàálù padà sókè. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ohun tí Àǹtí wí. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní wọ́n yege, àmọ́ kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òyìnbó.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ wọ gíní wíwọ́ yẹn lọ sí yídì, ẹ sì kọ̀ jálẹ̀ láti tú u. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ yín ń tọ́ka sí i. Wọ́n ní, "Alhaji, ṣé ojú ti ń lọ ni?" Ẹ dáhùn pé, "Ojú mi ò lọ. Ẹnu ọmọ mi ló dé."

Àní ẹ tún rí èrè rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi pẹ̀lú yín wọ bàálù láti Kánò nínú ọyẹ́, Àǹtí Rísí sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kápútéènì níwájú. A ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí mo ti ń retí kí táyà kan ilẹ̀, bàálù bá bú ramúramù, ó tún gbé orí sókè. Gbogbo èrò ń pe Ọlọ́run ní orúkọ tí kálukú mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ìyá tó jókòó tì yín ní, "Alhaji, ṣé kò bà yín lẹ́rù ni?" Ẹ ní, "Abẹ́rẹ́ ló yẹ̀. Ọmọ mi ti pariwo." A yípo, a padà wá, táyà sì kan ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Kápútéènì fúnra rẹ̀, àgbàlagbà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún èrò pé ọmọbìnrin yìí ló ní kí òun gòkè. Àǹtí Rísí yọ síta pẹ̀lú yùnífọ́ọ̀mù, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Kápútéènì, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú yín. A ti délẹ̀, ó kan kíkí àgbà.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú, ohun tí ẹ máa ń wí ni, "Kámà, abẹ́rẹ́ ti yẹ̀." Ẹ wí i fún mi títí di ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ. Ẹ kírun àárọ̀ tán, ẹ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú tépù lọ́rùn, ẹ kò sì jí mọ́. Nígbà tí wọ́n wé yín, mo wo aṣọ funfun yẹn láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ojú rírán kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ ìlà, wọ́n fi aṣọ tí abẹ́rẹ́ kò kàn sin ín. Kò sí ohun tó tún lè yẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Mo ń gbọ́ yín, Bàbá. Abẹ́rẹ́ mi ti yẹ̀ láti òkè ìwé yìí. Ó dáa, mo gòkè, mo yípo, mo tún un ṣe: n kò kọ́ awakọ̀ kankan. Sísín mi kò tíì mú bàálù yà rí, n kò gun òrùlé, kò sì sí Alhaji kankan tó rí tọ́ọ̀ṣì mi. Páálí bisikíìtì àti àga tí mo mì nìkan ni tèmi níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀, pẹ̀lú aṣọ ọdún yín. Ìyókù ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́.

Ilẹ̀ la wà yìí, ilẹ̀ la sì ti ń kí àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ sùn re o, Kápútéènì wa.