Ológbò Tó Ń Jí Mi Dáná Sààrì

Imú mi ló máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Ọwọ́ tútù, tó rọ̀, tó ń rùn fún ẹja díẹ̀. Bí n kò bá dáhùn, yóò kígbe sí mi létí lẹ́ẹ̀kan, yóò sinmi kí ó wò ó bóyá mo gbọ́, lẹ́yìn náà yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ẹsẹ̀ mi, yóò sì gé mi ní ọmọ-ìka jẹ. Títí di òní, bí ohun tútù kan bá ṣèèṣì kàn mí nímú lójú oorun, ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ká kò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ oorun mi kí n tó sọ ti ológbò. Nílé bàbá mi ní Lásunwọ̀n, n'Ìkòròdú, oorun mi lókìkí. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, òrùlé wa jò, ẹní mi rin gbingbin, wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ sí yàrá kejì, àárọ̀ ni mo tó mọ̀ pé òjò rọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. N kò kà á sí. Mo gbà nígbà náà pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ló ń sùn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi mí fún ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ ni oorun náà di ọ̀rọ̀ àpérò. Ìjọba òyìnbó ló ṣì wà, ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, ojú omi ni a sì gbà lọ. Ní èbúté Ìpakodò, ìyá mi gbé agbọ̀n kan lé mi lọ́wọ́, ó ti fi okùn di orí rẹ̀. Ológbò ló wà nínú rẹ̀, abo, dúdú tó ní funfun láyà.

"Ilé ẹlẹ́ja lò ń lọ," ìyá mi wí. "Eku á pọ̀ níbẹ̀. Ológbò á bá ẹ mójú tó eku. Oorun ẹ yìí ńkọ́, ta ló máa bá ẹ mójú tó o?"

"Màá máa jí, Ìyá."

"Ìwọ?" Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Ológbò sunkún láti Ìpakodò dé Ẹ̀pẹ́. Èmi náà sunkún. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́kún.

Ìyá ọkọ mi ló ń yan ẹja, ọkọ mi ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sọ́jà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyá ọkọ mi, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n díẹ̀, ó sì lè wo ènìyàn títí láìsọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni Ràmàdáánì wọlé. Nínú ilé náà, ìyàwó tuntun ló ń dáná sààrì, oúnjẹ tí a ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ààwẹ̀ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń wo ọwọ́ mi. Bí mo bá sùn gbàgbé, ènìyàn mọ́kànlá ni yóò fi ikùn òfìfo gba ààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọdún tó ṣáájú, ìyàwó kan ládùúgbò náà sùn gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lu agolo káàkiri láti jí àwọn Mùsùlùmí fi í kọrin. Wọ́n á dé iwájú ilé rẹ̀, wọ́n á rọra lu agolo, wọ́n á sì béèrè nínú orin pé ṣé ìyàwó ti jí, àbí kí àwọn wọlé wá dáná. Ọdún yípo, wọn ò gbàgbé orin náà. Ẹ lè bi mí pé ṣé agolo wọn kò tó láti jí èmi. Ẹni tí òjò kò jí!

Òru àkọ́kọ́, n kò sùn rárá. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń fi omi tútù bọ́jú. Òru kejì àti ìkẹta, bákan náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo sùn lórí ìdúró nídìí ẹja yíyan, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú sínú iná. Ìyá ọkọ mi gbá mi lápá mú, ó sì wò mí títí.

Òru kẹrin, oorun gbé mi lọ. Ológbò ló gbà mí sílẹ̀. Mo ti gbàgbé láti fún un lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ebi sì ń pa á. Ó fi ọwọ́ kàn mí nímú, ó kígbe, kò rí ìdáhùn, ó gé mi lẹ́sẹ̀ jẹ. Mo fò sókè, mo kígbe "Yéè!" Mo ń gbọ́ agolo lókèèrè, àwọn ọ̀dọ́ náà ti kọjá iwájú ilé wa lọ tipẹ́. Mo sáré dé ilé ìdáná, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo tẹ èbà, mo sì ju orí ẹja kan sí ológbò tọpẹ́tọpẹ́. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn ìyá ọkọ mi pé sààrì ti délẹ̀, ó yán, ó na ara, ó ń nu ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú oorun bọ̀.

"O kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ológbò ti ní àdéhùn. N kì í fún un lóúnjẹ lálẹ́ mọ́. Orí ẹja rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ igbá nílé ìdáná, kò sì sí ẹni tó ń ṣí igbá náà fún un àfi èmi. Lóru, nígbà kan náà láìyẹ̀, á wá kàn mí nímú. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin létí omi pé ìyàwó òun kì í sùn gbàgbé. Orí mi wú. Mo gba ìyìn náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyàwó tuntun kan nílé kejì wá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é, mo sì fi ìrẹ̀lẹ̀ dá a lóhùn pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ológbò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń sọ ọ́, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé, a jẹ, a mu, a wọ aṣọ tuntun, a sùn. Ta ló máa sọ fún ológbò pé ààwẹ̀ ti parí? Nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, ó kàn mí nímú. Mo lé e. Ó gé mi lẹ́sẹ̀ jẹ. Mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Ó kọjá sórí ọkọ mi, ó dúró sí i láyà, ó sì ké sí i lójú.

Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo bọ́ ọ yó lálẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún wá gba ti òru. Mo tì í síta. Ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn, àwọn ológbò àdúgbò sì wá bá a dárò. Mo dìde fún un ní orí ẹja kó lè dákẹ́. Ìyẹn ló burú jù, nítorí lọ́jọ́ kejì ó ṣáájú àkókò dé. Níkẹyìn, mo tì í mọ́ ilé ìdáná. Ó da ìkòkò lulẹ̀, ó da agbada, ariwo náà pọ̀ débi pé aládùúgbò wa kígbe olè. Àwọn ọkùnrin jáde pẹ̀lú àjẹ̀ àti igi. Wọ́n bá ológbò níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, tó ń retí orí ẹja rẹ̀.

"Ó tó," ọkọ mi wí. "Lọ́la, tí mo bá ń gbé ẹja lọ s'Ìkòròdú, màá gbé e sínú agbọ̀n tó bá wá. Kó lọ máa jí àwọn àna mi."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ológbò ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó já mi láyà ni ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Bí ológbò bá lọ, ta ni yóò jí mi? Gbogbo orúkọ rere tí mo ní nílé ọkọ, ọwọ́ ológbò ló wà, n kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń gbọ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ náà máa fi mí kọ.

Ìyá ọkọ mi pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó mi, ta ló ń jí ẹ dáná sààrì?"

"Èmi fúnra mi ni, Ìyá."

Ó kàn ń wò mí. Mo wo ilẹ̀, mo wo ògiri, mo tún wo ilẹ̀.

"Ológbò ni, Ìyá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Látìgbà tí bàbá ọkọ ẹ ti kú, mi ò rí oorun ìdájí sùn mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ bí ológbò yẹn ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí ẹ, mo ti dìde, mo ti di ilẹ̀kùn mú, mo fẹ́ lọ dáná. Ni mo bá gbọ́ tó o kígbe 'Yéè!' Ni mo bá padà lọ dùbúlẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jí mi, Ìyá?"

"Tí mo bá jí ẹ, gbogbo ilé á gbọ́. Wọ́n á ní ìyá ọkọ ló ń jí ìyàwó. Orúkọ tìẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè."

Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé e lórúnkún. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Lálẹ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ológbò kò lọ síbì kankan. Òun fẹ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tí a máa ń gbà lẹ́yìn ọdún, ológbò ni yóò sì máa jí òun. Ta ló fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí ààwẹ̀? Wọ́n gbé ológbò lọ sí yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà náà ni ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ológbò á kàn án nímú, kò ní mira. Á ké, kò ní dá a lóhùn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló tó ń dìde fún un lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sún àkókò oúnjẹ náà síwájú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí orí ẹja kò fi jáde lábẹ́ igbá mọ́ àfi tí ládàánì bá pe ìrun àsùbáà ní mọ́sáláṣí. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ológbò bá ti gbọ́ ìpè náà, á wọ yàrá wa, á gun àyà ọkọ mi. Ọkọ mi kò rí ẹjọ́ rò. Báwo ni yóò ṣe lé ohun tó ń jí i kírun? Òun tó máa ń pẹ́ débi pé ìta ló ti ń kírun tẹ́lẹ̀, ó wá ń dé mọ́sáláṣí ṣáájú lèmọ́mù. Ni gbogbo ilé bá sọ ológbò ní Ládàánì. Bí Ràmàdáánì bá sì ti dé, èmi àti ìyá ọkọ mi á tún dá a padà sí àkókò sààrì, àwa méjì nìkan la mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jí mi.

Ìyá ọkọ mi ti lọ, Ládàánì ti lọ, ọkọ mi náà ti lọ. Èmi ni àgbà ilé yẹn báyìí, oorun tó lókìkí ní Lásunwọ̀n sì ti fi mí sílẹ̀. Ìyàwó ọmọ-ọmọ mi ló ń dáná sààrì. Fóònù ló ń jí i, tàbí kí n sọ pé fóònù ló yẹ kó máa jí i. Ní ààwẹ̀ tó kọjá, fóònù náà dún, ó dún, ó dákẹ́. Mo dúró. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo rọra sọ̀kalẹ̀, mo rìn dé ìdí ilẹ̀kùn, mo dì í mú, mo ń ro ohun tí mo lè tètè sè. Ni mo bá gbọ́ "Yéè!" láti yàrá kejì, ẹnì kan sì sáré gba iwájú ilẹ̀kùn mi lọ sílé ìdáná.

Mo padà sórí ibùsùn, mo fa aṣọ borí. Nígbà tó wá kanlẹ̀kùn pé, "Ìyá àgbà, ẹ dìde o, sààrì ti délẹ̀," mo yán, mo na ara, mo nu ojú mi dáadáa kí n tó dá a lóhùn.

"O kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi."