Ọkọ̀ Apẹja Tó Gúnlẹ̀ sí Tẹ́ṣàn Ọ̀fà

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ohun tuntun ní Ọ̀fà, ilé àgbẹ̀dẹ ọkọ mi kò jìnnà sí tẹ́ṣàn. Èmi a máa jókòó síta níbẹ̀, màá máa ran òwú. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí mo rí ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Orí wágọ́nù ẹrù ni wọ́n gbé e lé. Irin ẹsẹ̀ wágọ́nù náà ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ni wọ́n bá já a sílẹ̀ ní Ọ̀fà, àwọn wágọ́nù yòókù sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà, àgbàlagbà Tápà kan tó ń pẹja ní Jẹ́bbà, kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń sùn, inú rẹ̀ ló ń jẹun. Ọwọ́ òyìnbó kan ló ti rà á l'Ékòó. Ó ti gbó, àmọ́ ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀.

Apẹja náà wá yá ẹ̀mú lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní látìgbà tí òjò ti pa ọkọ̀ òun lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì náà ò dáhùn mọ́. Mo gbé igbá òwú mi, mo tẹ̀lé e.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ìwọ lo máa bá wọn tún un ṣe ni?"

Mo ní mo kàn fẹ́ wò ó ni.

Nígbà tí mo wọ inú ọkọ̀ náà, mo bi í pé, "Bàbá, kí ló ń mú un ṣiṣẹ́?"

"Epo ni, ìyàwó. Àmọ́ iná kékeré kan gbọ́dọ̀ ta sí epo náà kó tó gbiná."

Ó fi bátìrì hàn mí, ó fi àpótí onígi kan tó ń fi kún agbára bátìrì hàn mí, àti wáyà tó gba abẹ́ pákó ìjókòó lọ síbi irin kékeré tí wọ́n ń pè ní púlọ́ọ̀gì, ibi tí iná náà ti ń ta. Ó so bátìrì mọ́ àpótí náà. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Mo fò sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín.

"Bó ṣe ń kùn yẹn, bátìrì ò kú nìyẹn, àpótí náà ò sì kú. Jẹ́ ká wo ẹnu púlọ́ọ̀gì."

Ó yọ ọ́, ó gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì. Oòrùn mú débi pé èèyàn ò lè rí iná tó kéré bẹ́ẹ̀, ni mo bá fi ìborùn mi bo orí mi àti púlọ́ọ̀gì náà. N kò rí nǹkan kan. Àmọ́ mò ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, ta, ta, ta, bí ẹni ń fi èékánná kan igbá. Abẹ́ pákó ìjókòó ló ti ń wá.

"Bàbá, kí ló ń dún níbí?"

Kó tó dáhùn, mo ti kiwọ́ bọ ibẹ̀. Nǹkan gbá mi láti ìka dé èjìká! Mo kígbe, igbá òwú dànù. Ọkọ mi sáré dé tòun ti òòlù lọ́wọ́.

Apẹja náà ti já bátìrì. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Ṣé o mọ ẹja òjìjí? Bó ṣe máa ń gbá wa nínú àwọ̀n nìyẹn. Tí ara bá tutù, ó tún máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó bojú wo abẹ́ pákó ìjókòó. "Tí ara bá tutù," ó tún un sọ, ó sì tú pákó náà.

Abẹ́ rẹ̀ rin gbindin fún omi òjò. Rọ́bà tó bo wáyà ti jẹrà níbi tó ti fara kan irin kan. Agbára tó yẹ kó dé púlọ́ọ̀gì, ibẹ̀ ló ti ń jò dànù.

A sá pákó sóòrùn, a nu wáyà gbẹ. Mo mú òwú mi wá, ọkọ mi yọ́ ìda oyin. Mò ń wé e, apẹja ń fi ìda kùn ún, títí wáyà fi nípọn bí ìka mi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi tẹ irin yẹn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Apẹja dá púlọ́ọ̀gì àti bátìrì padà, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́. Ó tún yí i, ló bá bú ramúramù, èéfín bò wá, gbogbo tẹ́ṣàn sáré wá wòran. Kíá ló pa á, torí kò sí omi odò tó máa mú un tutù.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ bi í bóyá bátìrì wà nínú òjìjí. Ó rò ó títí. Ó ní òun ti la òjìjí tó pọ̀ láyé òun, òun ò rí àpótí kankan níbẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n tún wágọ́nù ṣe, ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tó gbé ẹja gbígbẹ tí apẹja náà fi ránṣẹ́ wá fún wa láti Jẹ́bbà. Ó ní òun rí ọkọ̀ náà lójú odò Ọya, èéfín ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí n lè mọ̀ bóyá òwú tí mo wé ń dí omi. Kò rántí.