Àgbò Tí Wọ́n Pa Nítorí Adìẹ

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Àlájì Sọ̀fíyù ní àdúgbò Agoè-Nyivé, ọ̀rọ̀ ilé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ìsìlámíyátù ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì í débi pé ó fa ìborùn bojú.

“Bonjour, Àlájì,” ni Barthélemy tó ń ta oògùn wí. “Ta lara rẹ̀ ò yá?”

“Madámù ni. Ọrùn rẹ̀ lọ́, òkè ló ń wò láti àná, kò lè jẹun. Fún mi ní fítámìnì E, kí o fi B1 sí i.”

“Pardon! Ọmọ ọdún mélòó ni madame?”

“Oṣù mẹ́jọ.”

Barthélemy wo Ìsìlámíyátù. Àlájì ṣí apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. Adìẹ oníṣùkù kan ló wà níbẹ̀, ìyẹ́ orí rẹ̀ rí wúruwùru, ó tẹjú mọ́ àjà ilé. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ rọra,” ni Àlájì wí. “Aláìsàn wà níbí.”

Nígbà tí wọ́n délé, Hàrúnà àbúrò rẹ̀ ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tètè dú u. Bó bá di òkúǹbete, ta ni yóò jẹ ẹ́?”

“Ẹni tó ń wojú Ọlọ́run lo fẹ́ yọ ọ̀bẹ sí?” Àlájì gba ọ̀bẹ náà, ó sì jókòó lé e.

Ó wá mú ìka ìyàwó rẹ̀, ó rọra fi í sábẹ́ ìyẹ́ orí adìẹ náà. “Àwùjẹ̀ nìyẹn. Ti ọmọ èèyàn máa ń di, ti irú adìẹ yìí lè má di láéláé. Bí èkejì rẹ̀ bá ṣá a níbẹ̀, ọpọlọ ló ṣá.” Adìẹ tí Ìsìlámíyátù ti sè láyé rẹ̀ kò lóǹkà, síbẹ̀ òun kò mọ̀ pé nǹkan báyìí wà lórí ọ̀kan nínú wọn.

Àlájì ya Madámù sọ́tọ̀ kí àwọn yòókù má baà tún ṣá a. Ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé e, ó ń fi ìka méjì gbé ọrùn rẹ̀ dúró, ó ń kán oògùn àti omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀ kó má baà pá a lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Ìsìlámíyátù, tó bí ọmọ mẹ́rin fún un, kò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Madámù ṣá àgbàdo fúnra rẹ̀. Àlájì pa àgbò, ó fi ṣe sàráà.

“Àgbò nítorí adìẹ!” Ìsìlámíyátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́ta, títí Àlájì fi kú.

Àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ọrùn Madámù tún lọ́. Hàrúnà ti mú ọ̀bẹ dé.

“Ìyàwó, gbé e wá. Ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ ti lọ.”

Ìsìlámíyátù kúnlẹ̀, ó gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fi í sórí àpótí, ó sì jókòó lé e.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé adìẹ náà. Ìka rẹ̀ wá ibi rírọ̀ yẹn lábẹ́ ìyẹ́, ó rí i, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bó ṣe sọ fún un lọ.

Ọjọ́ kọkànlá ni Madámù tẹ orí ba, tó ṣá àgbàdo. Ìsìlámíyátù wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó lọ ra àgbò.