Ìrìn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Fídíò Tó Ń Mì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ya fídíò ní Kétu nígbà yẹn. Ìsọmọlórúkọ o, ìṣílé o, ìsìnkú o, òun náà ni wọ́n máa ń pè. Kámẹ́rà ńlá yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé èjìká bí àpò ìrẹsì, òun ló ni ín. Àìsàn tí kò pẹ́ rárá ló mú un lọ, oyún inú ìyàwó ẹ̀ ò tíì hàn dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìkòsí, èmi ni mo gbà á. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi o. Mo kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀, mo ń tẹ gbogbo nǹkan tó bá ṣeé tẹ̀. Tó bá bàjẹ́, màá bú u, màá tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìgbà tó fi máa di pé ọmọ ẹ̀ wọ iléèwé, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń gé fídíò tàbí bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ kí n má bá a jà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ta ata ní Mile 12. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń pè mí, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ẹ wo ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń gba ìjókòó méjì nínú mọ́tò! Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíì bá pè mí bẹ́ẹ̀, a ò ní fararọ. Èmi náà ń pè é ní Ìyàwó wa. Ó jù mí lọ dáadáa, mò ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, òun náà ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ torí ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Tá a bá ń jà gan-an, ẹ̀yin náà la máa fi ń bú ara wa.

Ọmọ yẹn wá ní ìrìn kan. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn ún o. Á gbé ẹsẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, á wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan, kó tó tún máa lọ. Bí bàbá ẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, látìgbà tó ti wà ní kékeré, ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Mile 12, tí ọmọ yìí bá ń bọ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àwọn ìyá tó mọ bàbá ẹ̀ á máa pariwo pé, "Onífídíò ti dé o! Ẹ tún aṣọ ṣe!" Ìyàwó wa á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n níléèwé, wọn ò mọ Onífídíò kankan. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yan bíi sójà lọ́jọ́ eré ìdárayá, ọ̀rọ̀ wá burú. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ máa ń ké kúà-kúà sí i létí. Ọmọ wa délé, ó lóun ò yan mọ́. Kò dúró síbẹ̀ o, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ara ẹ̀ ní ìrìn míì. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì gan bí igi, á máa lọ lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fi pákó ṣe. Ìyá ẹ̀ wá rí i lọ́jọ́ kan.

Ló bá sọ fún un pé, "Ìrìn Daddy ẹ ni. Òun ló fi sílẹ̀ fún ẹ."

Ọmọ yẹn lọ mú fọ́tò bàbá ẹ̀ wá. "Mummy, ó jókòó. Ibo lẹ ti rí i pé ó ń rìn?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo fọ́tò tá a ní, tí kò bá jókòó, ó dúró gbagidi. Fídíò ìgbéyàwó wọn wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan nínú ilé wa ti gba eré bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n lé e lórí. Mo ṣì ń wá ẹni náà. Ìyàwó wa mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ata ṣì wà lára aṣọ ẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ bá mi wá ọkọ mi jáde. Kò pọn dandan kó dáa. Kó ṣáà ti máa rìn kí ọmọ yìí rí i. Tó bá pa ìrìn yìí tì, kí ló tún kù fún mi?"

Mo ní kò le. Mo sọ̀rọ̀ yẹn tán kí n tó ronú. Èèyàn tó jẹ́ pé òun ló ń gbé kámẹ́rà, ta ló fẹ́ ya òun?

Báàgì Ghana-must-go kan wà lábẹ́ tábìlì tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n. Èmi ń tẹ ohun tí mò ń tẹ̀, ọmọ jókòó sórí àga pílásítíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn bàbá ẹ̀ wà ńbẹ̀ kedere: "Alhaja, ẹ wojú ibí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé orí sókè, àbí ẹ jẹ gbèsè ni?" Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dá a padà, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Aunty, ohùn ẹ̀ ti hàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo inú dígí àwọn tó ń tún gèlè ṣe, bóyá àwòrán ẹ̀ á yọ níbẹ̀. Mo wo ara mọ́tò tí wọ́n fọ̀ kó dán. Mo wo dígí ojú àwọn Alhaji. Kámẹ́rà nìkan ni mò ń rí, orí èèyàn ò sí. Inú ti ń bí mi. Mo wá ń yára fo àwọn ibi tí kò wúlò.

Gbogbo wa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ ibi tí mò ń wí. Onífídíò á rò pé òun ti pa kámẹ́rà, kò tíì pa á. Á gbé e sọ́wọ́, á máa lọ, kámẹ́rà á máa ya ilẹ̀, ìdí àga, ìsàlẹ̀ ìró àwọn Mummy. Tá a bá ti débẹ̀, ńṣe la máa pòṣé, a ó gé e dànù. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbàgbé ju gbogbo wọn lọ. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kan tí kò sí nínú ẹ̀.

"Aunty, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń fo ibẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo dá a padà. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mile 12 ni, lọ́sàn-án, ó jọ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ ni. Ẹnì kan ń pè é pé, "Onífídíò, ṣé o ti ń lọ nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ń bọ̀, mo fẹ́ mumi." Ó wá ń lọ. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ẹ̀ nísàlẹ̀, ó kọjú síwájú, tírélà tòmátì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn Màlà ń já ẹrù. Orí sàńdà ẹ̀ á yọ nísàlẹ̀ àwòrán, á tún pòórá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ń mì, ó ń fì, orí èèyàn á máa pòòyì tó bá wò ó.

Mo ní, "Ẹ fún mi láyè. Màá mú kó dúró, ẹsẹ̀ yẹn á sì hàn dáadáa."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí o. Wàá mú ibì kan ṣoṣo nínú àwòrán tí kò kúrò lójú kan. Èmi mú iná pupa ẹ̀yìn tírélà yẹn. Wàá ní kí kọ̀ǹpútà dì í mú. Tí iná yẹn bá sún lọ sọ́tùn-ún, kọ̀ǹpútà á ti gbogbo àwòrán padà sósì. Tó bá lọ sókè, á fà á wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa wá jẹ́ ọ̀lẹ. Tí ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ bá ti kọjá níwájú iná yẹn, kọ̀ǹpútà á fi iná sílẹ̀, á bá apẹ̀rẹ̀ lọ. Mo bú u. Mo gbá tábìlì. Mo wá fọwọ́ ara mi fà á, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn oníbàárà ń wọlé wá béèrè iṣẹ́ wọn, mo ń lé wọn. Ìgbà tí mo ṣe tán, etí àwòrán dúdú káàkiri níbi tí mo ti ń tì í. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí dúdú yẹn má hàn mọ́.

Ó wá dúró! Tírélà yẹn ń sún mọ́ wa jẹ́jẹ́ bí ẹni pé orí epo ló ń lọ. Mo dìde, mo jó níwájú ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ìyàwó wa dúró lẹ́yìn àga, ọmọ jókòó. Mo ṣí i. Wọ́n wò ó tán.

Ọmọ wá ní, "Ta ló ń rìn?"

"Daddy ẹ ni."

"Irọ́ ni. Inú mọ́tò lẹni yẹn wà."

"Mọ́tò wo?"

"Ẹsẹ̀ tí mo rí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Ibi tí mo ti fẹ̀ ẹ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ti lọ, sàńdà ti bá a lọ. Kò sí ẹsẹ̀. Kò sí èèyàn kankan nínú nǹkan tí mo gbé fún wọn, tírélà nìkan ló kù. Inú bí mi débi pé mo jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ṣé ó mọ wàhálà tí mo ṣe ni. Ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fà ro.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ rọra. Ẹ má jẹ ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ hàn yín! Ẹ wá wò ó bóyá ẹ lè wò ó!"

Mo ṣí ti àkọ́kọ́, èyí tó ń mì. Mo fẹ́ kí orí wọn pòòyì kí wọ́n lè mọyì mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyàwó wa. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká ẹ̀ ń lọ. Bí àwòrán yẹn ṣe ń lọ lèjìká ẹ̀ ń bá a lọ.

"Ẹ dá a padà," ló wí.

"Èyí tí mo tún ṣe?"

"Rárá o. Èyí tó ń mì yẹn. Ẹ wò ó: ó lọ, ó lọ, ó fì, ó dúró díẹ̀. Háà! Òun nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wà tá a bá jọ ń jáde, torí kì í dúró de èèyàn. Ọkọ mi nìyẹn."

Mo tún wò ó. Gbogbo ohun tí mo fi bú kọ̀ǹpútà, tí mo fi lé oníbàárà, tí mo yọ dànù kí fídíò lè dáa, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí níwájú kámẹ́rà, ìdí nìyẹn tá ò fi rí i. Ọwọ́ ẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, ara ẹ̀ ló ń mì ín.

Ọmọ yẹn ò gbà. Ó lágídí bíi tèmi. "Gbogbo èèyàn tó bá gbé kámẹ́rà dání, á mì náà."

"Ó dáa." Mo mú kámẹ́rà kékeré, mo jáde, mo rìn dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú, mo padà. Ọkùnrin yẹn ní, "Sister, ilẹ̀ lẹ̀ ń yà? Kí ló ṣe ilẹ̀?" Mo kọjá wọlé. A wo tèmi. Gbàgà-gbàgà-gbàgà, kò dúró rárá.

Ìyàwó wa ní, "Tiyín dà bí ẹni tó ń lọ bá èèyàn jà." Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látàárọ̀ nìyẹn.

Mo gbé kámẹ́rà fún un. Ọmọ yìí bá na ẹsẹ̀ gan, ó ń yan lọ! Mo ní kó padà wá. Mi ò jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó lọ bá mi ra píọ́ wọ́tà wá ní kọ́nà, kó kàn gbé kámẹ́rà yẹn dání lọ. Ó kọ́kọ́ ń yan. Nígbà tó débi tí àwọn ọmọ kan ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó wò wọ́n, ó gbàgbé, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń lọ bó ṣe ń lọ.

Mo gbé méjèèjì sójú kan náà, ti bàbá lápá òsì, tọmọ lápá ọ̀tún. Tọmọ ń yára jù torí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú. Mo fi slow motion díẹ̀ sí i, mo ń dín ìyára ẹ̀ kù, mò ń dín in kù, títí wọ́n fi pàdé. Ó lọ, ó lọ, ó fì, ó dúró díẹ̀. Tírélà ń fì lápá ibí, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń fì lápá ọ̀hún, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló gbé kámẹ́rà méjèèjì.

Mo dá a padà, a tún wò ó.

Ọmọ wá ní, "Mummy, ṣé wọ́n ń pe Daddy náà ní pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ní Mile 12? Tí wọ́n bá rí ìrìn ẹ̀, Ràkúnmí ni wọ́n ń pè é."

"Inú ò bí i?"

"Inú kẹ̀? Ó máa ń dáhùn ni."

Ó ronú sí i. Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, lápá òsì. "Ẹ wò ó, Aunty, Daddy ń rìn bíi tèmi."

Lọ́jọ́ eré ìdárayá wọn, mo lọ yà á. Àwọn tó kù ń lọ gán-anran gán-anran, òun wà láàárín wọn, ó ń fì. Tíṣà kan pariwo pé, "You! Walk straight!" Mo ti fẹ́ kọjá okùn lọ bá a, Ìyàwó wa di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀yìn ké kúà-kúà. Ọmọ wa ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ràkúnmí ni," ó sọ ọ́ sókè débi pé mo gbọ́ ọ níbi tí mo wà. Ó fì, ó dúró díẹ̀, gbogbo ìlà ẹ̀yìn ẹ̀ sì ní láti dúró dè é kó tó tún máa lọ.