Géètì Wo?

Bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, tí wọ́n tú mi sílẹ̀ ní Pópó Àgùdà, màá dé ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó láìfẹsẹ̀ kọ. Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó já sí mọ́ṣáláṣí, mo mọ èyí tó já sí CMS láìdé títì. Tí àlejò bá ṣìnà ládùúgbò wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ojú mi ti là. Abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni mo ti wá mọ̀ pé ojú àlejò tóbi lásán ni, kò fi ríran.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbá tán lọ́jọ́ náà ni àbúrò mi pè láti Ìlọrin. Ó ní ìyá òun ti kú. Ìyá rẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òun ló tọ́ mi dàgbà, Àlájà ni gbogbo agboolé ń pè é. Ìgbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́ ni àbúrò mi wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn ayálégbé sáré yọjú. Kò ṣàìsàn. Lálẹ́ àná la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ń bá mi jà pé mi ò wá kí òun.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Àbúrò mi ní tí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán, wọ́n máa sin ín. Sísin ín kọ́ ló ká mi lára jù, wíwẹ̀ ẹ́ ni. Èmi ni mo máa ń fi kànìnkànìn bá Àlájà fọ ẹ̀yìn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò débẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti ń fọ̀ ọ́, á ní, “Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí o. Ọwọ́ tìẹ ò le. Má jẹ́ kí wọ́n da omi tútù sí mi lára.” Èmi á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Á ní, “Ṣá ti sọ pé o gbọ́.” Mo sì sọ pé mo gbọ́.

Tí mo bá gba ojú títì, wọn á ti sin ín kí n tó débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò wọ bàálù rí. Mo wọ mọ́tò ní Obalende, ó di pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.

Háà! Ṣé inú ilé kan nìyẹn àbí ìlú? Gbogbo ènìyàn ló ń yára, kò sì sí ẹni tó jọ pé ó ń béèrè nǹkan kan. Mo tò sórí ìlà kan, mo tò títí, ìgbà tó kàn mí ni ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní Àbújá làwọn ń kó. Mo tún lọ tò síbòmíràn. Níkẹyìn, ọmọbìnrin mìíràn gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó fún mi ní páálí pẹlẹbẹ kan, ó ní, “Mummy, ẹ máa lọ sí gate two. Wọn ò ní pẹ́ board.”

Géètì. Èyí yé mi. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ géètì: irin ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé ni. Àlájà kì í jẹ́ kí wọ́n tì í lálẹ́ tí ọ̀kan nínú wa bá ṣì wà níta. Á gbé àpótí sí ìdí rẹ̀, á jókòó, á ní, “Ẹ má tì í, ọmọ mi ò tíì wọlé.” Mo wá rántí pé nígbà tí mọ́tò ń gbé mi bọ̀, a kọjá géètì kan, a sì tún kọjá òmíràn. Mo gbé báàgì mi, mo jáde sínú oòrùn, mo forí lé géètì kejì.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí mi, ó ní, “Mummy, ta lẹ ń wá?”

Mo ní, “Bàálù Ìlọrin ni. Wọ́n ní kí n wá sí géètì kejì.”

“Géètì wo?” Ó gba páálí ọwọ́ mi, ó wò ó, ó sì kígbe. “Yéè! Inú lọ́hùn-ún ni gate wà o, mà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ wọ bàálù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ sáré!”

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọmọbìnrin yẹn sì ti júwe ọ̀nà fún mi, mo ṣì ṣìnà. Ta ló ń fi géètì sáàárín ilé? Kí ló dé tí wọn ò pè é ní ilẹ̀kùn? Mo ń sáré, mo ń bínú, mo sì ń sunkún, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara ènìyàn wò, ìlà gùn. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, òkú ìyá mi ni mo fẹ́ lọ wẹ̀!” Àwọn tó wà lórí ìlà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jẹ́ kí n kọjá, bàbá kan sì ṣí fìlà.

Nígbà tí mo dé gate two, ilẹ̀kùn gíláàsì lásán ni, ó sì wà ní títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì náà. Obìnrin kan tó jókòó nítòsí ní, “Ẹ jókòó, mà. Ìlọrin lèmi náà ń lọ. Bàálù ọ̀hún ò tíì dé.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni pé nítorí tèmi ló ṣe dá a dúró. Àṣé n kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí. Oòrùn kan àtàrí, bàálù kò dé. Mo kírun ọ̀sán ní kọ̀rọ̀ kan, kò dé. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lókè orí wa kàn ń tọrọ àforíjì ni. Mo wo gíláàsì náà títí ojú fi ń ro mí. Mo ti mọ ọ̀nà wàyí, ọ̀nà ni kò ṣí.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí àbúrò mi pè. “Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé? Àwọn àgbà ní àwọn ò lè dúró mọ́.”

Mo ní, “Mo wà ní géètì.”

Ó figbe ta. “Ẹ ṣí géètì o! Ẹ̀gbọ́n mi ti dé!” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré. Mo gbọ́ tí irin dún, tí wọ́n wọ́ géètì ilé wọn sílẹ̀ gbàràgàdà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

“Géètì ti Ìkẹjà ni,” ni mo wí.

Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ wọn dán an wò kí wọ́n tó dà á. Mo ní kí wọ́n rọra, pàápàá níbi ẹ̀yìn. Wọ́n ń dáhùn pé àwọn gbọ́, àwọn gbọ́. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún nínú ike.

Láàárín rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lókèèrè, ó ń béèrè bóyá kí òun padà ti géètì.

Àbúrò mi sì dá a lóhùn, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ má tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wọlé.”