Bàbá Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tú ara èèyàn wò ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sáńgò, kí n tó dé ọgbà ìṣeré. Bí àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì sí páálí bá ti ṣíwọ́, wọ́n á tò síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á sì fọwọ́ pa wọ́n lára láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ohun ilé iṣẹ́ má baà bá wọn lọ sílé. Obìnrin àgbà kan tí a ń pè ní Ìyá Ṣakí, torí Ṣakí ló ti wá, ló kọ́ mi níṣẹ́ yẹn. Ó ní, "Fọlákẹ́, má wojú wọn o. Ojú á máa rẹ́rìn-ín sí ẹ. Ẹsẹ̀ ni kí o máa wò. Ẹni tó gbé nǹkan kì í rìn bí ẹni tí ò gbé nǹkan." Òótọ́ ló sọ. Mo ti bá bisikíìtì nínú ìbọ̀sẹ̀, mo ti bá ṣúgà nínú bàtà. Mo tiẹ̀ mú obìnrin kan tó de bọ́tà mọ́ itan, tí bọ́tà ti ń yọ́ ṣàn bọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ tó ń bú mi pé mo fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́.

Iṣẹ́ yẹn wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá kanlẹ̀kùn wa, èmi á kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an wá. N kì í bá a jiyàn. Ìfura loògùn àgbà.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kó kúrò, ọgbà ìṣeré tuntun kan ṣí ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdíròkò, téèyàn bá kọjá Ìyànà Ìyẹsí díẹ̀. Wọ́n gbà mí síbẹ̀, sí apá àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, máníjà wa, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó ń jẹ́ Dèjì, tò wá sórí ìlà, ó sì fi báǹdì bọ̀ wá lọ́wọ́. Báǹdì náà kò ju ẹ̀gbà rọ́bà lọ, bí èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wọ̀, àfi pé nǹkan pẹlẹbẹ kan tó kéré ju èékánná lọ wà nínú rẹ̀. Bí àlejò bá ti sanwó tán, báǹdì yìí ló máa fi wọlé, òun ló máa fi gun ọkọ̀ olóbìírípo, òun náà ló máa fi ra áísìkiriìmù. Kó ṣáà ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ó parí.

Dèjì ní, "Experience là ń tà. Àlejò ò gbọdọ̀ tò, kò gbọdọ̀ wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ ronú rárá. Kó ṣáà máa gbádùn."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tí ò ronú, ṣé kò ní sọnù?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bọ́ báǹdì tèmi sínú báàgì kí n tó wọ ilé ìtọ̀, torí ọkàn mi ò gbà pé Dèjì ò jókòó síbì kan tó ń ka iye ìṣẹ́jú tí mo ń lò níbẹ̀.

Lápá ọ̀dọ̀ wa, báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọgbà kékeré kan wà tí a fi irin yí ká, tó ní jangirọ́fà àti ilé onírọ́bà tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀. Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó kan báǹdì ọmọ, tó jẹ́ yẹ́lò, àti báǹdì òbí, tó jẹ́ búlúù, mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á so méjèèjì pọ̀. Bí òbí bá padà dé, wọ́n á tún kan méjèèjì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bára mu, iná gíríìnì á tàn, agogo kékeré á dún, ilẹ̀kùn á sì ṣí fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, iná pupa á tàn, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Àṣẹ Dèjì ò gùn: gíríìnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, pupa, ẹ pè mí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń fura sí áńgẹ́lì, mo wá gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́. Kì í rẹ́rìn-ín sí èèyàn, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì bú èèyàn bíi ti oníbọ́tà. Kò pẹ́ tí n kì í gbójú sókè mọ́ bí agogo bá ti dún. Mo lè máa so okùn bàtà ọmọ kan, kí ọmọ mìíràn máa jáde lọ lẹ́yìn mi, kí n ṣáà sọ pé "Ó dàbọ̀ o."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Ìleyá lọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé èèyàn ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá síwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ mú ọmọ mi. Àmínà lorúkọ ẹ̀."

Mo pe Àmínà. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà ni, irun tuntun wà lórí rẹ̀. Ó sáré wá, ó ń pariwo, "Dádì!" Mo kan báǹdì rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin náà kan tirẹ̀. Iná pupa. A tún un ṣe. Pupa. Ó nu báǹdì mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún gbìyànjú. Pupa.

"Àbí ẹ̀rọ yín ti ń ṣe wèrè ni mà?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni n kò fẹ́ràn. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ló gba ọmọ náà wọlé kó tó ṣíwọ́ lọ sílé, kò sẹ́ni tí mo lè bi. Mo ní, "Nọ́mbà fóònù wo lẹ fi forúkọ sílẹ̀?"

"Ìyàwó mi ló fi fóònù ẹ̀ sanwó látilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò lè tẹ̀ lé wa."

"Ẹ pe nọ́mbà ìyàwó yín fún mi."

Ó yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn. "Bátìrì ti kú mà. Nọ́mbà náà ò sì sí lórí mi."

Bàbá ọmọ, tí kò mọ nọ́mbà ìyàwó rẹ̀! Èmi náà ò mọ ti ọkọ mi lórí o, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo wá gba ọmọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí àpá iná káàkiri ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ilé iṣẹ́ irin mà, nídìí iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin."

Mo sọ lọ́kàn mi pé ó tètè dáhùn jù. Àmínà di irin ọgbà mú, ó ní, "Dádì mi ni mà." N kò ka ìyẹn sí. Ta ni ọmọdé ò lè pè ní Dádì bí ó bá ti ra súìtì fún un?

Ó yẹ kí n gbé rédíò ọwọ́ mi kí n sọ fún Dèjì pé "pupa", kí n sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ tètè máa bọ̀ o, ọkùnrin kan wà níbí tó fẹ́ gbé ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀ lọ." Ẹyin lọ̀rọ̀. Obìnrin tó tò tẹ̀ lé e gbọ́ mi, ó sì figbe ta, "Ẹ gbà wá o! Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọ̀tà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá sílẹ̀. Kí n tó gbé rédíò sílẹ̀, wọ́n ti bò ó. Ẹnì kan ń pariwo, "Hold am! No let am go!" Ẹnì kan fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Ẹlòmíràn gbá a létí, mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo wà. Ọkùnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di irin mú, ó tẹjú mọ́ mi.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa wò mí. Ẹ bá mi yí ojú ẹ̀ sẹ́yìn."

Ọ̀pọ̀ olè ti bẹ̀ mí rí. Kò sí èyí tó bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ìró mi bo ọmọ náà lójú, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ láàárín irin. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn láàárín ọmọ ìka, ẹsẹ̀ náà ò sì tíì gbẹ nínú sílípáàsì. Ojú ni mò ń wò láti ìgbà yìí, ojú àti ọwọ́. Bí Ìyá Ṣakí bá wà níbẹ̀, á ti fà mí létí.

Mo pariwo, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Mo lọ kírun Àsárì ni!"

"Ṣé ẹ bọ́ báǹdì?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlùwàlá pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, mà? Gbogbo wa la kó o sórí odi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tómi wà!"

Gbogbo wọn. Báǹdì búlúù lórí odi kan, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì, àyàfi nọ́mbà kan tó kéré bí ìdin lábẹ́ rẹ̀. Kálukú ṣàlùwàlá tán, ó mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bà.

N kò mọ bí mo ṣe gba abẹ́ irin yẹn kọjá, nítorí n kì í ṣe tín-ín-rín. Mo ṣáà bá ara mi níwájú ọkùnrin náà, mo fi ẹ̀yìn mi dí i. Mo ń ké, "Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo ṣàṣìṣe! Èmi ni!" Ẹnì kan ti gbá mi lórí kí Dèjì tó sáré dé pẹ̀lú àwọn sìkúríítì, kí ariwo tó lọ sílẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà ni Alhaji kan tó wọ jálàbíà rọra dé, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà tutù, ó ní òun wá mú ọmọ òun, Fàrúùkù. Iná pupa. Mo ní kó dúró. Mo mú báǹdì Àmínà, mo ní kí Alhaji kan tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Agogo dún. Iná gíríìnì tàn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọkùnrin tí ọmọ yẹn ò rí rí láyé.

Dèjì wo ilẹ̀kùn, èmi náà wò ó. Ká ní Alhaji yẹn ló kọ́kọ́ dé, ká ní èèyàn burúkú ni, tó na ìka sí Àmínà, ǹ bá sọ pé "Ó dàbọ̀ o" láìgbójú sókè. Àwọn ọmọ mélòó ni mo ti dágbére fún báyẹn láìwo ẹni tó fà wọ́n lọ́wọ́?

Wọ́n pààrọ̀ báǹdì, ẹ̀rọ gba bàbá gbogbo ọmọ. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá Àmínà lójú gbogbo èrò, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde mà, ẹ tó ìyá mi." Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, ó sì lọ, apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dèjì kọ ìwé pé àlejò ló bọ́ báǹdì, nítorí náà àlejò ló lẹ̀bi, ó ní kí n fọwọ́ sí i.

Mo ní, "Mi ò ní fọwọ́ sí i, Ọ̀gá. Ìdajì àwọn tó ń wá síbí ló ń kírun. Ta ló ṣe báǹdì yìí tí kò bi wọ́n léèrè? Bí ẹnì kan bá sì lẹ̀bi ju báǹdì lọ, èmi tí mo lanu ni."

Ó bínú, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní làákàyè ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n kan ìṣó pẹ̀lú nọ́mbà sára odi níbi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá, kálukú ń gbé tirẹ̀ kọ́. Èmi náà gbé òfin tèmi kalẹ̀, tí wọn ò tíì lè yí mi lọ́kàn padà lórí rẹ̀ títí dòní. Bí iná gíríìnì bá tàn, mo máa ń fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, màá bẹ̀rẹ̀, màá bi ọmọ pé, "Ta nìyí?" Mo máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn, mo sì máa ń wo àtọmọ àtàgbà láti orí dé ẹsẹ̀. Dèjì ní mò ń ba experience jẹ́, pé àlejò ń tò. Mo ní kí wọ́n máa tò.

Oṣù mélòó kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo rí bàbá Àmínà lórí ìlà àwọn tó wá mú ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ sá wọ inú ilé. Ó kí mi, mo kí i, n kò lè wò ó lójú. Ó kan báǹdì, Àmínà kan tirẹ̀. Gíríìnì. Ǹ bá jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ta ni kò mọ bàbá ọmọ yìí? Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo bẹ̀rẹ̀.

"Àmínà, ta nìyí?"

Ó sáré lọ dúró síwájú bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti dí i.

"Dádì mi ni, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù ú mọ́."